Ta Ló Fagi Lé Nafissa?

Sátidé, 6 Mars 2010

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fún mi. Àsìkò tí ìdajì Abidjan ń lọ síbi ìsìnkú, tí ìdajì tó kù ń fọṣọ, ni wọ́n ní kí n máa wá kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹta ní interaction homme-machine, bí ènìyàn àti ẹ̀rọ ṣe ń bára wọn lò. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi cours yìí sí ètò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé wa. Nígbà tí wọ́n máa fi sí i, ẹ̀yìnkùlé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n jù ú sí.

Yàrá tí mo bá kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Mo gba ọ̀dọ̀ Monsieur Mathieu lọ, olórí ẹ̀ka informatique, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ló fà mí wọ ilé-ìwé yìí, nítorí náà mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa ń ṣe kí n tó béèrè. Ọmọ Pọ̀tó-Nóvò ni bàbá rẹ̀. Faransé ló ń bá gbogbo ènìyàn sọ, àfi tó bá fẹ́ fi nǹkan du èèyàn. Ìgbà yẹn ló ń rántí Yorùbá, kó má baà dunni jù. Ó ní, "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Tìrẹ yìí, kíkun bọ́tìnnì lọ́dà ni. Pátákó tó ọ."

Mo dìde nílẹ̀, mo dúpẹ́. Mo sì ń bínú sí ẹnu mi pé ó dúpẹ́.

Àwọn tó wá kò kún ìlàjì yàrá. Benoît jókòó níwájú, ọmọ tó mọ programmation, kíkọ ètò ẹ̀rọ, ju gbogbo wọn lọ, ó fẹ́ rí ohun tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ tó fi nawọ́. Ó ní bí òun bá ṣe nǹkan tó dáa, tí ẹnì kan ò wá mọ̀ ọ́n lò, ṣé kì í ṣe ẹni yẹn ló yẹ kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá: kí kálukú wá ẹnì kan nílé, kó ní kí ẹni náà fi fóònù rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ mìíràn ṣe ohun kan ṣoṣo, kó jókòó tì í. Kó má ràn án lọ́wọ́, kó má sọ̀rọ̀, kó kàn máa wò.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé cours àwọn ọ̀lẹ nìyí.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Mars

Mo ṣe àṣetiléwá tèmi pẹ̀lú ìyá mi. Mo ní kí wọ́n wá orúkọ Nasser àbúrò mi nínú fóònù tuntun tó fi ránṣẹ́ sí wọn láti Cotonou, kí wọ́n pè é. Mo jókòó, mo pa ẹnu mi mọ́. Wọ́n tẹ ibí, wọ́n tẹ ọ̀hún. Fóònù mú wọn lọ síbi àwòrán, ó mú wọn lọ síbi aago, ó wá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn ní èdè Faransé tí èmi gan-an ní láti kà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì sọ fún mi pé, "Má bínú, orí mi ò gba nǹkan mọ́."

Èmi ni wọ́n ń bẹ̀. Ìyá mi, Ràmílátù, tó tọ́ ọmọ mẹ́fà ní Williamsville yìí láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́, ń tọrọ àforíjì nítorí pé ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n, ní ìlú tí kò dé rí, kò fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 10 Mars

Délestage. Wọ́n mú iná lọ láàárọ̀, wọn ò dá a padà títí ìrọ̀lẹ́. Ẹja inú congélateur ti ń rùn, a pín in fún àwọn ará ilé. Ooru bí inú ààrò.

Sátidé, 13 Mars

Àwọn ọmọ mú ohun tí wọ́n rí wá. Jocelyne ka ti àǹtí rẹ̀. Ẹlòmíràn ka ti bàbá rẹ̀ tó bú tẹlifíṣọ̀n. Benoît ṣe ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "paramètres", ibi àtúntò fóònù, ó sín in jẹ títí gbogbo yàrá fi ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín tán. Mo wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹni mélòó ló bínú sí ẹ̀rọ, ẹni mélòó ló bínú sí ara rẹ̀. Wọ́n wo ìwé wọn. Ara wọn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn dá lẹ́bi.

Lẹ́yìn cours, ọmọbìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Nafissa ni orúkọ rẹ̀, ará Niangon. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, ó ń pè mí ní Madame. Nígbà tó rí i pé mo gbọ́ Yorùbá, ó yí i sí Tantie, ó sì ń fi èdè méjèèjì lọ́ra wọn bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ó ní òun kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, pé òun kàn ń wá jókòó ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí rèé. Ní Novembre, ilé-ìwé gbé ètò tuntun jáde, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ á ti máa forúkọ sílẹ̀. Monsieur Mathieu fúnra rẹ̀ ló kọ ètò náà. Nafissa forúkọ sílẹ̀, ó mú option rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ àyàn rẹ̀, ó wá rí i pé option tí òun mú kọ́ ni òun fẹ́. Ó tẹ Annuler, "fagi lé e", kó lè yọ ọ́ kúrò. Wíńdò kékeré kan jáde, ó ní: "Annuler ?" Lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì méjì: "OK" àti "Annuler". Ó ronú díẹ̀, ó tẹ OK. Ojú ewé àkọ́kọ́ padà wá bó ṣe máa ń wà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ó dìde, ó bá tiẹ̀ lọ.

Kì í ṣe option ni ètò náà yọ. Ọdún rẹ̀ lódindi ni ó fagi lé.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó ń wá sí kíláàsì, ó ṣe ìdánwò bí gbogbo ènìyàn. Ní Février tí máàkì jáde, orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà tó lọ béèrè, wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló fagi lé ara rẹ̀, pé ọjọ́ àti wákàtí wà nínú ẹ̀rọ. Ó kọ̀wé sí Madame Delphine, ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́. Wọ́n dá a lóhùn pé ẹjọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Mo béèrè ohun tí wọ́n sọ nílé. Ó wo ilẹ̀. Bàbá rẹ̀, Alájì Gafarou, wa bọ́ọ̀sì ìlú títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó gbà pé ọmọ náà fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ tẹ̀lé ọkùnrin ni. Nafissa ṣàlàyé títí, ó sunkún. Bàbá rẹ̀ ní, "Ẹ̀rọ ò bá ọ ṣọ̀tá. Kí ló máa mú un parọ́ mọ́ ọ?"

Ọjọ́ Ajé, 15 Mars

Mo bá Monsieur Mathieu. Mo rò pé tí mo bá ti sọ ọ́ ó máa káwọ́ lérí. Ó kàn yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó fi ìka tọ́ ìlà kan: orúkọ Nafissa, ọjọ́, wákàtí, annulation. Ó ní ṣé mo rí i, ọmọ náà ló tẹ̀ ẹ́.

Mo ní mo rí i. Mo ní ta ló kọ ìbéèrè tí wọ́n bi í? Bí wíńdò bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé kí òun fagi lé e, tí ó wá fún mi ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "fagi lé e" sí, kí ni kí n pè é? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí ni "e" tí wọ́n máa fagi lé ọ̀hún gan-an?

Ó ní ẹni tó ń wá oyè licence gbọ́dọ̀ mọ̀wé kà. Lẹ́yìn náà ni Yorùbá dé. "Kaoussarath, má fi cours tuntun gbógun tì mí. O ò tíì di titulaire."

Òótọ́ ni. Vacataire ni mí, ẹni tí wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀, kì í ṣe titulaire tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ pátápátá. Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo ń bá a jà lọ́kàn nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré. Apprenti béèrè owó ọkọ̀, mo jágbe mọ́ ọn, kò sì mọ ohun tí ó ṣe mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Mars

Mọ̀wé kà, ó ní. Ọmọ tó ń ka ìwé lábẹ́ àtùpà nítorí délestage.

Sátidé, 20 Mars

Mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Nafissa fúnra rẹ̀ ló dìde, tó wá síwájú, tó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, Benoît ní ó dun òun, ṣùgbọ́n kí Nafissa gbà pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló tẹ OK. Ariwo bẹ́. Àwọn kan ní òmùgọ̀ ni Benoît, àwọn kan ní òótọ́ ló sọ.

Mo fi ọwọ́ lu tábìlì. Mo ní níbí, a kì í fi ẹnu pinnu. Ojú la fi ń wò ó. Mo bi Benoît bóyá ó lè kọ ojú ewé náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, òun á sì fi hàn pé ẹnikẹ́ni tó bá ka nǹkan kò ní ṣìnà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ta tẹ́tẹ́. Mo ní kó ṣe é.

Ìyẹn ni iṣẹ́ cours wa láti òní. Wọ́n máa jókòó ti àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n máa wò, wọ́n á sì fi fóònù ya fíìmù, tí ẹni náà bá gbà.

Sátidé, 27 Mars

Òjò ńlá àkọ́kọ́. Títì kún láti oríta carrefour dé ilé-ìwé, mo gbé bàtà lọ́wọ́ rìn. Mo rò pé mi ò ní bá ẹnikẹ́ni.

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ lórí ara wọn. Àwọn ọmọ náà ti gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká Benoît káàkiri Riviera àti Niangon ní gbogbo ọ̀sẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí iná bá wà. Nọ́ọ̀sì kan ṣìnà. Olùkọ́ fíísíìsì ṣìnà. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ka wíńdò náà sókè ketekete, ó tẹ Annuler nítorí pé ó fẹ́ annuler, wíńdò pòórá, option ṣì wà níbẹ̀. Ó tún ṣe é. Ó tún ṣe é. Ó ń yípo níbẹ̀ bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn, ó wá tẹ OK pẹ̀lú ìbínú, ọdún rẹ̀ bá a lọ. Díẹ̀ ló yege nínú wọn, tí wọ́n tún tẹ orí option náà fúnra rẹ̀ tí ó fi yọ, àwọn tó yege pàápàá ní àwọn kàn ṣe oríire ni.

Mo rí Benoît lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn cours, ó jókòó sínú omi tí òjò fi sílẹ̀, kò sì bìkítà. Ó ní, "Madame, wọn kì í ṣe òmùgọ̀." Mo ní rárá. Ó ní ohun tó le jù lọ́wọ́ òun ni kí òun má sọ̀rọ̀. Pé nígbà tí ọmọ lọ́yà yẹn ń yípo, òun gé ọwọ́ ara òun jẹ kí òun má baà pariwo. Ó fi ojú eyín hàn mí lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ètò mélòó ni òun ti kọ fún àwọn ènìyàn báyìí, tí òun ò jókòó ti ẹnikẹ́ni rí?

Mi ò tíì gba ẹ̀bùn tó tó ìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Avril

Mo rí Madame Delphine. Kò ní kí n jókòó. Mo ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ sí ìwé mìíràn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lópin oṣù, pé bí mo bá ta kú, òun á fún mi láàyè díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n mọ̀ pé òun fúnra òun ló kọ ìdáhùn tí wọ́n fún ọmọ náà, òun kì í sì í kọ ohun tí òun kò rò.

Lọ́nà àbájáde ni Monsieur Mathieu ti dá mi dúró. Ó ti gbọ́. Kò bínú. Ó kàn ní tí mo bá gbé fíìmù lọ síwájú ìgbìmọ̀, òun ò ní lè dáàbò bò mí mọ́.

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ń ṣa ìrẹsì lọ. Wọ́n ní ẹni tó kọ́ni níṣẹ́, a kì í tú u sí ìhòòhò lójú ọjà. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n sọnù ńkọ́? Wọ́n yọ òkúta kan kúrò nínú ìrẹsì. Wọ́n wá ní, "Lọ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dùn mọ́ ọ lẹ́nu."

Sátidé, 10 Avril

Wọ́n ti yàrá wa pa. Ọdẹ ẹnu ọ̀nà ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ chef, Monsieur Mathieu, ó sì ti lọ sílé. A lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Àwọn ọmọ ọdún kejì tó ń kọjá dúró gbọ́, wọn ò lọ mọ́. Nígbà tí a parí, wọ́n ti pọ̀ ju àwọn tèmi lọ. Kí wọ́n máa tì í pa lọ.

Ọjọ́bọ̀, 22 Avril

Ìgbìmọ̀ jókòó lónìí.

Monsieur Mathieu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìlà inú ẹ̀rọ hàn wọ́n: orúkọ, ọjọ́, wákàtí. Àwọn àgbà mi orí. Ẹnì kan ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ka nǹkan, fóònù ti bà wọ́n jẹ́. Wọ́n wá ní kí n sọ tèmi.

Mo ti múra àlàyé gígùn. Nígbà tí mo rí ojú wọn, mo mọ̀ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà kí n tó wọlé. Mo gbé àlàyé náà jù sílẹ̀. Mo ní mi ò ní sọ púpọ̀, mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú wọn kàn jókòó síwájú ojú ewé tí Nafissa jókòó sí. Mo ṣí kọ̀ǹpútà Benoît. Monsieur Mathieu ní àdàkọ ni ìyẹn, pé ta ló mọ ohun tí àwọn ọmọ ti yí pa dà nínú rẹ̀. Madame Delphine ní, "Ṣí ojúlówó, nígbà náà."

Monsieur Mathieu kò lè kọ̀. Ó so kọ̀ǹpútà tiẹ̀ mọ́ iná, ó ṣí ojúlówó ètò náà pẹ̀lú orúkọ àdánwò kan. Wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó. Madame Delphine fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó ní òun ló kọ ìdáhùn, òun ló yẹ.

Mo ní, "Ẹ ti mú option kan tí ẹ ò fẹ́, Madame. Ẹ yọ ọ́ kúrò." Mo fà sẹ́yìn, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ó wọ gíláàsì rẹ̀. Ó tẹ Annuler. Wíńdò jáde. Ó kà á sókè: Annuler, OK, Annuler. Ó gbé ọwọ́ dúró lókè bọ́tìnnì. Mo rí i tí etí Monsieur Mathieu ń pọ́n. Madame tẹ OK. Ojú ewé àkọ́kọ́ padà wá. Madame Delphine yí sí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó ti tán, kò sì le rárá.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣí orúkọ náà. Ó ṣí i. Ẹ̀rọ dáhùn pé kò sí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yìí.

Monsieur Mathieu ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ó ní Madame kò fara balẹ̀ kà á ni.

Madame Delphine bọ́ gíláàsì rẹ̀ sórí tábìlì. "Mo kà á, Mathieu. Gbogbo wa la gbọ́ nígbà tí mo ń kà á."

Mo gbìyànjú kó má dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń ká wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ká a tán, ó tún tú u, ó tún ń ká a. Adùn náà bá kan lẹ́nu mi.

Wọ́n dá orúkọ Nafissa padà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo máàkì rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tún ètò náà ṣe. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí yin cours mi. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni ilé-ìwé nílò, pé láti ọdún tó ń bọ̀ ó máa di ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ informatique, ní amphi, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi dúpẹ́ nígbà tí akọ̀wé ka orúkọ olùkọ́ rẹ̀.

Monsieur Mathieu.

Wọ́n ní òfin ni. Cours ọ̀ranyàn, titulaire nìkan ló ń kọ́ ọ. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Avril

Ẹni tó pè é ní kíkun bọ́tìnnì. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ìṣìnà rẹ̀ la fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, òun ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà fún. Àwa tulẹ̀, àwa gbìn, wọ́n ní ká lọ síta nítorí pé a ò lórúkọ nínú ìwé ẹni tó ń kórè. Mi ò ní kọ nǹkan mìíràn lónìí, nítorí ìwé yìí lè jóná.

Sátidé, 24 Avril

Mo sọ fún àwọn ọmọ. Benoît fẹ́ kó gbogbo wọn lọ dúró níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo ní rárá, ìdánwò ló wà níwájú yín.

Mo rò pé Nafissa á máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fi ìwé ìgbìmọ̀ han bàbá òun. Bàbá òun ní àwọn olùkọ́ ṣàánú òun ni, kí òun lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí òun má sì tún ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó ti wọlé padà nílé-ìwé. Nílé, òpùrọ́ ló ṣì jẹ́.

Ọjọ́rú, 28 Avril

Monsieur Mathieu wá sí Williamsville. Òun nìkan, nínú òjò. Kò wá sílé mi rí. Àwọn àgbà ilé-ìwé kì í wá sílé vacataire. Ìyá mi fún un ní aṣọ kó fi nu orí, wọ́n gbé omi fún un, wọ́n sì wọlé lọ, wọ́n fi wá sílẹ̀.

Ó wá gba àwọn ìwé cours mi. Ó sọ ọ́ tààrà, ní Faransé. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo ń ronú pé ojú kì í ti àwọn kan láyé yìí. Ó dúró, ó mu omi, ó wá yí i sí Yorùbá, ó sì jọ pé lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe láti fi nǹkan dù mí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Kaoussarath. Mo ti ń kọ ètò ẹ̀rọ kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ yẹn. Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ojú ẹni tó ń lò ó."

Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo tún fẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní kí á tó sọ ti ìwé, kó bá mi lọ sí Niangon, kó lọ sọ fún bàbá ọmọ náà. Ó ní ṣebí ìgbìmọ̀ ti kọ̀wé. Mo ní bàbá náà ka ìwé wọn, àánú ló rí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló gbà gbọ́, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló sì máa gbọ́ tiẹ̀.

Ó gbé ife sílẹ̀, ó kí ìyá mi láti ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sínú òjò.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Mai

Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ wá gbé mi láàárọ̀ yìí. A kọrí sí Niangon.

Alájì Gafarou ti múra, wọ́n fi agbádá funfun gbà wá. Kí Monsieur Mathieu tó rí àga jókòó ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí professeur má bínú, ọmọdé ló ṣe é, àwọn ti bá a wí, àwọn sì mọ oore tí ilé-ìwé ṣe. Arúgbó yẹn tẹ̀ ba síwájú wa pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti wò ó.

Monsieur Mathieu dìde. Mo ti gbọ́ ọ ní amphi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn rẹ̀ kò kéré báyìí rí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí. Èmi ni mo kọ ìbéèrè tí ẹ̀rọ bi ọmọ yín. Mo kọ ọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni á fi ṣìnà. Òótọ́ ló sọ fún yín."

Alájì ní ṣebí ẹ̀rọ sọ pé òun ló tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan, Bàbá. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀, mi ò sì sọ ọ́ dáadáa."

Bàbá náà wo ọwọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Nafissa jáde wá. Ó ti wà lẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú wọn. Wọ́n ní, "O sọ fún mi." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n kàn súnra lórí àga, wọ́n fi ọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ó wá jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Monsieur Mathieu ní òun ti ṣe tòun, ṣé kí òun wá gba àwọn ìwé náà lọ́la? Mo ní mi ò ní fún un ní ìwé kankan. Mo ní àwa méjèèjì la máa jọ dúró ní amphi yẹn lọ́jọ́ Ajé, kí òun titulaire lọ bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́, kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ tiẹ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó wá nǹkan mìíràn kọ́ wọn. Inú ṣì ń bí mi, mo sì jẹ́ kó gbọ́ ọ lóhùn mi. Mi ò fi Ẹ̀gbọ́n tàbí Professeur sí i.

A ti la igbó Banco já kí ó tó fèsì. Ó béèrè pé orúkọ ta ni yóò ṣáájú.

Mo ní tèmi.